Ìwé Òótọ́ Márùn-ún fún Ìgbà Ìwọ́wé

Jasmine kan ilẹ̀kùn wa ní ọjọ́ Sátidé kejì nínú oṣù September. Ó di bébà kan mọ́ àyà bíi pé atẹ́gùn fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Òun àti ọmọ mi Olúwadùnsìn ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì kékeré tó wà nítòsí ilé wa ní Blackley. Nígbà tí Dùnsìn kú ní February, Jasmine wá sílé wa lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó láìsọ nǹkan kan, ìyẹn sì mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn tó sọ̀rọ̀ lọ.

"Ẹ káàárọ̀, Mama Dùnsìn," ló wí.

Dùnsìn ló kọ́ ọ. Manchester ni wọ́n bí Jasmine sí, Jamaica ni ìyá rẹ̀ ti wá, Yorùbá rẹ̀ kò sì ju ìkíni yẹn àti "jọ̀ọ́" lọ. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Nínú ìjọ wa, ọ̀sẹ̀ kan péré ló gbà wọ́n láti yí orúkọ mi padà. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi jẹ́ Mama Dùnsìn. Ní Sunday tí mo kọ́kọ́ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, Mama Tìmí ni mo ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú pẹpẹ, ìyẹn orúkọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Olúwatìmílẹ́hìn. Kò sẹ́ni tó ṣèpàdé lé e lórí. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyẹn, gbogbo wọn sì mọ̀. Èmi náà ti ṣe é fún ẹlòmíràn rí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bí mo ṣe rí nígbà yẹn, kí ẹ má baà máa retí ẹkún lọ́wọ́ mi. N kò sunkún. Inú mi kàn kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́ ṣe máa ń kú. Mò ń lọ sí ibi iṣẹ́ mi ní ọsibítù ní Crumpsall, mò ń yí àwọn arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń fọ̀ wọ́n, mò ń bá wọn ṣẹ̀fẹ̀. Mò ń jẹun. Tabitha, olórí ẹgbẹ́ obìnrin wa, dìde nínú ìjọ ó jẹ́rìí sí bí ìgbàgbọ́ mi ṣe lágbára tó. Ó tún sọ fún mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ìyá ọmọ jòjòló la máa ń sọ ìyẹn fún. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún tó ga jù mí lọ, tó ń wọ bàtà mi jáde láìtọrọ, òun ni wọ́n ń pè ní omi. Ó yẹ kí n bínú, àmọ́ mo wá ìbínú náà títí, n kò rí i. Mo ní "Àmín, ma," mo sì gba kúlà ìrẹsì tó gbé wá.

Jasmine ṣàlàyé bébà ọwọ́ rẹ̀ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì tiwọn tó ń sáré. Lọ́dọọdún, tí ìgbà ìwọ́wé bá ti ń kanlẹ̀kùn, tí ewé igi etí títì bá ti ń pọ́n, láíbìrì wọn máa ń gbé tábìlì kan sí iwájú, wọ́n á to ìwé mẹ́fà lé e, wọ́n á sì kọ ọ́ sára pátákó pé kí èèyàn kà wọ́n kí ọjọ́ tó kúrú tán. Láti ọdún mẹ́ta, Dùnsìn ló ń ṣe tábìlì yẹn. Ìwé òótọ́ nìkan ló ń kó sí i, kì í fi ìtàn àròsọ kan ṣoṣo kún un. January ló ti kọ ti ọdún yìí sílẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, pẹ̀lú dírìípù lọ́wọ́, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Jasmine rí i nínú dúrọ́ọ̀ tó ń lò níbi iṣẹ́, ibi tó fi í sí nígbà tó padà síṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ìwé márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ó ti kọ nọ́ńbà kẹfà, kò wá kọ nǹkan kan sí iwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa fi ìkẹfà sí i?" ni Jasmine bi mí. "Tó bá jẹ́ èmi ni mo fi sí i, á dà bíi pé mo gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu."

Mo ní èmi kì í kàwé. Bíbélì ni mo ń kà, àti ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn. Ó ní kò burú, kí n kọ́kọ́ ka márùn-ún ti Dùnsìn wò. Ó bọ́ àpò ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, ó to ìwé márùn-ún sórí tábìlì ìjẹun wa, kí n sì tó rí ohun tí n ó wí, ó ti dé ẹnu géètì.

Ẹ ó rò pé Dùnsìn fẹ́ràn ìgbà ìwọ́wé. Rárá o. Fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ ọn, àrùn inú ẹ̀jẹ̀, òtútù sì ni olórí ọ̀tá rẹ̀. Tí atẹ́gùn September bá ti lu eegun rẹ̀ báyìí, a ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Láti kékeré ni mo ti ń wé e: ìbọ̀sẹ̀ méjì, síńgílẹ́ẹ̀tì, súwẹ́tà méjì, kóòtù, fìlà. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń lọ sí òṣùpá. Láti October títí di March, inú ilé ló máa ń wà, pẹ̀lú bọ́tìlì omi gbígbóná lẹ́yìn rẹ̀ àti ìwé lórí orúnkún rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ń yan ìwé ìgbà ìwọ́wé fún ẹni tó fẹ́ mu tíì kó sì jẹ kéèkì. Dùnsìn ń yan tirẹ̀ fún ẹni tí òtútù tì mọ́lé.

Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kì í ka ìtàn àròsọ bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Mummy, story books máa ń demand nǹkan lọ́wọ́ èèyàn," ló dá mi lóhùn. "They want you to cry. Tí ara bá ń ro mí, mi ò ní energy ìyẹn. Ìwé tó bá jẹ́ òótọ́ kì í bi mí bí mo ṣe ń feel. Ó kàn máa sọ fún mi pé báyìí ni ẹyẹ ṣe ń sùn, finish."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n ṣí èyí àkọ́kọ́. Ìwé tí kò ní bi mí bó ṣe ń ṣe mí, irú rẹ̀ ni mo lè gbé.

Igi ni ìwé àkọ́kọ́ dá lé lórí, bí igi ṣe ń mọ̀ pé òtútù ń bọ̀ kí òtútù tó dé. Dùnsìn ti kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí abẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan lórí bébà náà. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, èmi ni mo ń yí i sí Yorùbá fún yín. Sí abẹ́ ti igi, ó kọ ọ́ pé: "Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ ṣì ń parọ́ fún ara yín pé ẹ ò ní tan hítà." Àsìkò ìsinmi níbi iṣẹ́ ni mo ń kà á. Wọ́n ní atẹ́gùn kọ́ ló ń já ewé. Igi fúnra rẹ̀ ló ń fa ohun rere inú ewé padà sára, á wá dí ojú ibẹ̀ pa, á sì jù ú sílẹ̀. Mo kà á, ó yé mi, kò ṣe mí ní nǹkan kan, mo sì padà lọ yí bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin.

Èkejì dá lórí alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ẹyẹ tó máa ń kọ́lé sábẹ́ òrùlé ilé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú. N kò mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn ń ti ìlú òyìnbó wá, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láìgba físà. Dùnsìn kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Fún ẹni tí kò lè jáde nílé." Ìkẹta dá lórí òjò Manchester, mo sì dá a dúró ní ojú ewé kejìlélọ́gbọ̀n, torí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi nípa òjò Manchester. Ìkẹrin jẹ́ ti àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Ó dára. Ó jẹ́ kí ebi máa pa mí, ó ti pẹ́ tí ebi ti pa mí gbẹ̀yìn.

Ọkọ mi Theophilus kò béèrè ibi tí àwọn ìwé náà ti wá. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún mọ́tò ṣe ní Newton Heath, tó bá sì dé, á fọ gíríìsì ọwọ́ rẹ̀, á jókòó, á jẹun ní ìgun kan tábìlì náà láìfọwọ́ kan ìwé kankan. Ìwé márùn-ún lè wà níwájú ọkùnrin yẹn fún oṣù kan, á máa na ọwọ́ gba orí wọn bu iyọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ October, mo kó mẹ́rin padà fún Jasmine. Mo ti rí ìkẹfà. Mo ní kó wá ìwé súwẹ́tà híhun kan, èyíkéyìí tí àwòrán rẹ̀ bá hàn dáadáa. Nígbà tí mo lóyún Dùnsìn, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ. Ìwé híhun jẹ́ òótọ́ ju gbogbo wọn lọ: tó bá parọ́, ihò á wà lára súwẹ́tà. Jasmine rẹ́rìn-ín, ó ní kí n sọ ohun tí òun máa kọ sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ pé: "Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo."

Ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, bó ṣe ń to ìwé sórí tábìlì, ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ pé, "Mo lọ sídìí sàréè Dùnsìn lọ́jọ́ Sunday. Ewé ti bò ó pátápátá, mo bá yín gbá a. Ìgbà wo lẹ lọ gbẹ̀yìn?"

"Kò tíì pẹ́," ni mo wí.

"Mi ò bá yín pàdé níbẹ̀ rí. Ó ní láti jẹ́ pé àárọ̀ lẹ máa ń lọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àárọ̀ ni. Mo gbé báàgì mi, mo jáde.

N kò lọ síbẹ̀ rí. N kò mọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ ìsìnkú, inú pálọ̀ wa ni èmi àti Theophilus jókòó sí, wọ́n fa kọ́tìnì, Tabitha àti àwọn obìnrin mẹ́rin jókòó tì wá kí a má baà dìde. Àwọn àgbà ìjọ ló bá àwọn tó ń sìnkú ṣe gbogbo ètò. Wọ́n lọ, àwọn ará láíbìrì lọ, Tìmílẹ́hìn lọ, wọ́n sì kìlọ̀ fún un kó má sọ ibẹ̀ fún wa. Òbí kì í sin ọmọ, òbí kì í sì í mọ ojú sàréè ọmọ rẹ̀. Itẹ́ òkú tó wà ní apá ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe ẹyọ kan. Tí bọ́ọ̀sì mi bá ti ń sún mọ́ èyíkéyìí nínú wọn, fóònù mi ni mo máa ń wò.

N kò sọ pé àwọn baba wa gọ̀. Àánú ló bí òfin yẹn. Àmọ́ nílé, ogun èèyàn ló ń bá ìyá tó ṣòfò ọmọ gbé e: ìyálé, ìyàwó ilé, àwọn ọmọ ìyá, ará àdúgbò, kò ní rí àyè dá jókòó fún ọdún kan. Ní Blackley, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Tìmílẹ́hìn ti padà sí yunifásítì rẹ̀, ó ku èmi àti Theophilus àti tẹlifíṣọ̀n.

Ìwé karùn-ún ló kù nílé. Ọkùnrin kan ló kọ ọ́, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pínpín lẹ́tà. Ó yan ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀dì ẹnìkan lọ, ó sì ń jókòó tì í lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko, ó ń kọ ohun tó rí. Ewé tó já sí i. Ìgbín tó gbà á kọjá. Ọjọ́ tí yìnyín bò ó. Dùnsìn kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Èyí ni kí ẹ kà gbẹ̀yìn. Nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹ ò sì ní fẹ́ kó parí."

Ní nǹkan bí ojú ewé àádọ́rùn-ún, ọkùnrin náà ka iye ekòló tó jáde lẹ́yìn òjò. Mẹ́tàlá ni. Mo pa ìwé náà dé. Inú ló ń bí mi. Ọkùnrin tí kò sin ẹnikẹ́ni sí ilẹ̀ yẹn, ó mọ iye ekòló inú rẹ̀. Èmi ní ilẹ̀ tí kò ju bẹ́ẹ̀dì lọ ní ìlú yìí, ọmọ mi wà nínú rẹ̀, n kò mọ àdúgbò tó wà. Ìbínú yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tó padà sínú mi láti February, mo sì dì í mú, n kò jẹ́ kó lọ.

Nígbà tí Theophilus ń jẹun, mo jókòó sí iwájú rẹ̀.

"Daddy Tìmí, mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n sin Dùnsìn sí."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí ẹnì kankan nínú àwa méjèèjì ti pe orúkọ yẹn sétígbọ̀ọ́ ẹnì kejì.

"O ò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n," ló wí. "Èmi náà ò gbọdọ̀ mọ̀. Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

"Wọ́n kọ́ mi, sà."

"Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú ní Abẹ́òkúta, bàbá mi lo ọdún méjìlélógún lẹ́yìn ẹ̀, wọn ò béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Ṣé wọ́n gbàgbé?"

Ó ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Tó o bá mọ ibẹ̀, gbogbo off day ẹ lo máa máa lọ. Kò ní tán láéláé. Àwọn tó ṣòfin yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe."

"Kí ló fẹ́ tán? Kò tíì bẹ̀rẹ̀ fún mi. Mi ò tíì sunkún ọmọ mi, Daddy Tìmí. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ó dìde, ó fọ àwo tó fi jẹun. Láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó, n kò rí i kó fọ àwo rí. Ó fọ̀ ọ́ pẹ́, ó sì gba yàrá lọ.

Mo gbìyànjú láti gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Mo ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mò ń ka ìwé ọkùnrin náà ní ojú ewé méjì méjì lójúmọ́ kó má baà tán, ó sì tán. Ní Thursday àkọ́kọ́ nínú November, mo gba láíbìrì lọ lẹ́yìn iṣẹ́, mo sì sọ òótọ́ fún Jasmine: pé mo parọ́ fún un, pé n kò débẹ̀ rí, àti ìdí rẹ̀. Mo rò pé ó máa wò mí bí aláìláàánú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní, "Mi ò mọ̀. Ẹ dárí jì mí, Mama Dùnsìn." Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ń jáde fún wákàtí kan.

Bọ́ọ̀sì kan ni a wọ̀. Òjò ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú náà, n kò wo fóònù. Jasmine ń lọ níwájú, ó gba àárín àwọn òkúta àtijọ́ kọjá, ó yà sí ọwọ́ òsì, ó dúró.

Kò sí òkúta níbẹ̀. Àwa òbí ló yẹ kó ṣe òkúta, ta ni ì bá sì dán an wò láti bi wá? Àgbélébùú onígi kékeré ni, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára irin pẹlẹbẹ, àti ìgò jáàmù tí Jasmine fi òdòdó sí. Ilẹ̀ náà ti rì díẹ̀ ní àárín, omi òjò sì dúró síbẹ̀, ewé rírà wà nínú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ kàn án. Ó tutù. Mo ti ọwọ́ bọ inú ewé náà dé ìdí erùpẹ̀, ó tún tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ayé mi ni mo fi lé òtútù kúrò lára ọmọ yìí. Mo fi ara mi bò ó ní bus stop. Mo jí ní aago mẹ́ta òru fún ogún ọdún láti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó gbóná. Ibi tí wọ́n wá gbé e sí nìyí, nínú omi, láìsí ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé wọ́n wọ̀ fún un, torí n kò sí níbẹ̀ láti wọ̀ ọ́. Ariwo kan jáde lẹ́nu mi tí n kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo ké. Mo pè é ní orúkọ, mo ki oríkì rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Jasmine di agbòjò rẹ̀ lé mi lórí, òjò ń pa á. Ó dùn mí débi pé mo rò pé n ó kú síbẹ̀, n kò sì fẹ́ kó dáwọ́ dúró.

Nígbà tí mo délé, Theophilus wà ní kíṣìnì, ó ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fẹ́ dín. Omi ń ro lára aṣọ mi, ojú mi ti wú, ẹrẹ̀ wà lórúnkún mi méjèèjì. Ó wo ẹrẹ̀ náà. Mo mọ̀ pé ó ti yé e kí n tó la ẹnu.

"Mo ti débẹ̀," ni mo wí.

Kò pariwo. Ó yíjú padà sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń gé e lọ, tínrín, tínrín, títí ó fi tán. Mo dúró de ìbínú rẹ̀, mo tiẹ̀ ti to èsì sílẹ̀. Ó nu ọ̀bẹ, ó fi í sílẹ̀, àmọ́ kò yíjú sí mi.

"Ṣé oòrùn máa ń dé ibẹ̀?" ló bi mí.

Mo fẹ́ parọ́ fún un, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. N kò lè parọ́.

"Mi ò mọ̀," ni mo wí. "Ọ̀sán ni mo dé ibẹ̀, òjò ló ń rọ̀."

Èjìká rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n. Ó di etí síńkì mú.

"Tílẹ̀ bá mọ́," ló wí, "mú mi lọ, ká lọ wò ó."